Ọ̀rọ̀ Ọkàn ní Gbọ̀ngàn Bódìjà

Kò sí ẹni tó rán Sẹ̀gilọlá Adéyẹmọ níṣẹ́. Olúgbádé ọkọ rẹ̀ ló rán an létí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Sátidé ọjọ́ náà, níbi tó ti ń fi pólíìṣì kun bàtà rẹ̀ níwájú ilé wọn ní Bódìjà. Ó ní, "Ìyàwó mi, àfọwọ́fà ni o. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, má wá sọ fún mi pé orí ń fọ́ ọ."

Sẹ̀gilọlá kò ráyè tirẹ̀. Ó ń wá ìdérí abọ́ tánganran kan káàkiri ilé ìdáná, orí sì ti ń fọ́ ọ.

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni Sẹ̀gilọlá ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan. Ó ní àrùn kan tó wọ́pọ̀ lára àwọn tíṣà: bí ẹnikẹ́ni bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀, ara rẹ̀ a máa yún un títí yóò fi tún un ṣe. Àsìkò tí à ń sọ yìí, ara rẹ̀ kò sinmi rárá. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968 ni. Rédíò ti kéde pé ní South Africa, àwọn dókítà yọ ọkàn ọmọbìnrin kan tí mọ́tò pa, wọ́n sì fi í sí àyà ọkùnrin kan tí ọkàn tirẹ̀ ti bàjẹ́. Ọkùnrin náà jí, ó sọ̀rọ̀, kó tó wá kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kò sì pẹ́ tí wọ́n tún fi ṣe ti ẹlòmíràn. Láti Dùgbẹ̀ dé Òjóò, bí a bá yọ ọ̀rọ̀ ogun kúrò, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ará Ìbàdàn. Awakọ̀ takisí kan sọ fún Sẹ̀gilọlá pé ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dirun kó tó kú. Ní yàrá àwọn tíṣà, ẹni tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní òun gbọ́ pé orúkọ ọmọbìnrin náà ni ọkùnrin náà ń jẹ́ bí wọ́n bá pè é. Tíṣà ìṣirò o! Ẹni tó kàwé gboyè!

Ibẹ̀ ni sùúrù Sẹ̀gilọlá ti tán. Ó ní òun yóò pe ìpàdé kan tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní Bódìjà. Dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn yóò wá ṣàlàyé. Oníṣẹ́ ọnà yóò gbé iṣẹ́ tó ṣe nípa ọkàn wá. Ará àdúgbò yóò sì béèrè ohunkóhun tó bá ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọnà àti ẹnu ará ìlú, kí gbogbo wọn jókòó pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Lójú tirẹ̀, kò le ju kí ènìyàn pọn omi lọ.

Òrùlé tó wà nítòsí, ti gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọwọ́ Pa Adégbìtẹ́, bàbá ìjọ tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà. Bàbá gbà láti ṣí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ni àwọn máa ṣe alága, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ẹran kò gbọdọ̀ kán sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé Ọlọ́run. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni pé Dókítà Ògúnsànyà, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ńlá kan, ti ní òun kò lè fi ẹnu lásán ṣàlàyé. Ó ní kí wọ́n wá ọkàn màlúù fún òun, òun yóò là á sí méjì lójú gbogbo ènìyàn.

Ìdí nìyẹn tí Sẹ̀gilọlá fi wà ní ìsọ̀ ẹran ní Mọ́kọ́lá láàárọ̀ ọjọ́ náà, tòun ti abọ́ tí kò ní ìdérí.

Alápatà ní, "Ọkàn nìkan, mà? Ẹ ò ní í fi ṣàkì kún un?"

"Mi ò fẹ́ ṣàkì."

"Fùkù ńkọ́? Ọkàn àti fùkù ló máa ń rìn pọ̀."

"Ọkàn ni mo sọ!"

"Ẹ má bínú, mà. Àlejò lẹ ní, mo ti mọ̀. Ẹ jẹ́ n bá yín gé e wẹ́wẹ́." Ọ̀bẹ ti ń lọ sókè.

"Má gé e!" Igbe tí Sẹ̀gilọlá ké pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń ra ẹran nítòsí fi yíjú. Alápatà fi ọkàn náà sínú abọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé ọmọ ìkókó, ó sì ń wo obìnrin náà títí ó fi lọ.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn ti kún àkúnya. Lọ́yà wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọ́ wá láti Agbowó. Àwọn ìyá Aládùúrà jókòó nínú aṣọ funfun wọn, àwọn télọ̀ àti oníṣòwò sì wá láti Ring Road. Dókítà Ògúnsànyà dé lákòókò nínú ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ láti ìgbà tó ti òkè òkun dé. Àjàgbé, agbẹ́gilére tó ní òun ń gbé iṣẹ́ bọ̀ láti Agbowó, kò sí níbẹ̀. Ọkàn màlúù wà lórí tábìlì kékeré lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níta, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Pa Adégbìtẹ́ dìde. Wọ́n gbàdúrà. Àdúrà náà kò kéré. Nígbà tí àmín tán, tí Sẹ̀gilọlá ti ń na ọwọ́ sí dókítà, Bàbá ní kí àwọn tó pe olùbánisọ̀rọ̀, ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ bí gbọ̀ngàn náà ti ṣe dé orí ilẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí igbó wà níbẹ̀. Wọ́n sọ ẹni tó ru yanrìn àti ẹni tó ní òun yóò ru yanrìn tí kò rù ú. Láti ibẹ̀ wọ́n bọ́ sí ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Ìbàdàn. Sẹ̀gilọlá wúkọ́. Ó tún wúkọ́.

Pa Adégbìtẹ́ dúró díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Mìsísì Adéyẹmọ lómi mu," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sínú ọkọ̀ ojú irin.

Wọn kò tíì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ tí ìyá Aládùúrà kan tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn fi figbe ta: "Ajá! Ajá ti gbé e o!"

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Nígbà tí Sẹ̀gilọlá fi máa dé ìta, ajá pupa kan ti ń sá gba àárín ilé méjì lọ, ọkàn màlúù ń mì lẹ́nu rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ń lé e, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kí wọ́n lè sáré. Nínú gbọ̀ngàn, ohùn Bàbá ń jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: "Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Mo ń bọ̀ wá sórí kókó ọ̀rọ̀ mi."

Sẹ̀gilọlá gbé abọ́ òfìfo náà sọ́wọ́, ó ń wò ó. Bí wọ́n bá ní kó sunkún, yóò sun ún. Bí wọ́n bá ní kó bú ènìyàn, yóò bú u dáadáa. Dókítà Ògúnsànyà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lu àtẹ́lẹwọ́. Ó béèrè ohun tó tún kù fún òun láti ṣe níbẹ̀. Bó ti béèrè tán ni lọ́rí igi kan dúró níwájú ọgbà. Àjàgbé bẹ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀dà pupa bo apá rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó ní. "Ọ̀dà ni kò tètè gbẹ."

"Ṣé ó ti gbẹ báyìí?"

"Rárá o."

Ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀ láti inú lọ́rí náà, odindi ìtì ìrókò ni. Ó ga tó àyà ènìyàn, ó yọ ikùn bí ìkòkò, ihò wà lára rẹ̀ kiri, ojú ènìyàn sì ń yọjú láti inú ihò kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan dijú bí ẹni ń ro nǹkan. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e. Ó há sẹ́nu ọ̀nà. Pa Adégbìtẹ́, tí wọ́n kò fẹ́ kí wọ́n ba fírémù ilẹ̀kùn jẹ́, sọ̀ kalẹ̀ wá darí wọn, ibẹ̀ sì ni agbádá funfun Bàbá ti gba ọ̀dà láti èjìká dé ìsàlẹ̀. Bó ṣe di pé pupa wọ inú gbọ̀ngàn ilé Ọlọ́run nìyẹn.

Dókítà yí igi náà ká. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé kí ni èyí.

Àjàgbé ní, "Ọkàn ni, sà."

Dókítà ní ihò mẹ́rin péré ló wà nínú ọkàn, òun sì ka méje níbí.

"Ẹ̀yin ka ti màlúù, sà. Èmi gbẹ́ ti ènìyàn."

Ojú Dókítà yí padà. Ó ní òun ti fi ọwọ́ òun méjèèjì di ọkàn ènìyàn mú.

"Ó dáa, sà," Àjàgbé dáhùn. "Ṣé ó bá yín sọ̀rọ̀?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n hó yèè. Dókítà wá bínú tán. Ó bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá, pé ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ni ọkàn, ẹ̀rọ náà ni, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ̀gilọlá dìde láti túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Pa Adégbìtẹ́ ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Wọ́n ní, "Dókítà sọ pé ọkàn ènìyàn dà bí kànga tó jìn. Kò sí ẹni tó lè rí ìdí rẹ̀."

Dókítà kì í sọ Yorùbá ni, ó gbọ́ ọ. Ó fò sókè, ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀!

"Dókítà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí," ni Bàbá túmọ̀.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn èrò. Lọ́yà kan dìde, ó ní ọ̀rọ̀ òfin lòun fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú: bí wọ́n bá fi ọkàn ọkọ obìnrin kan sí àyà ẹlòmíràn, tí ọkàn náà sì ń lù, ṣé obìnrin náà ti di opó? Ìyá kan ní kí ló dé tí yóò fi di opó, ṣé ọkàn kọ́ ló fẹ́ ẹ ni? Ọkùnrin kan ní ojú ló rí i tó fi fẹ́ ẹ. Àgbàlagbà kan láti ẹ̀yìn ní bí obìnrin náà bá lọ bá ọkàn ọkọ rẹ̀ nílé ọkùnrin kejì, òrogún ni yóò pàdé níbẹ̀, ta ni yóò wá jẹ́ ìyálé? Gbọ̀ngàn pín sí méjì. Àwọn kan fẹ́ kí obìnrin náà ṣọ̀fọ̀, àwọn kan ní ó dàràn bó bá ṣọ̀fọ̀. Àjàgbé jókòó lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Dókítà ti mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jáde.

Sẹ̀gilọlá fi abọ́ tánganran náà lu tábìlì. "Ìbéèrè ni mo ní kí ẹ béèrè!" ó pariwo. "Mi ò ní kí ẹ dájọ́! Kò sí ẹnì kankan níbí tó fẹ́ mọ nǹkan kan ni?"

Ariwo náà lọ sílẹ̀ díẹ̀. Obìnrin kan dìde láàárín ìlà tó kẹ́yìn. Láwùmí ni orúkọ rẹ̀, ó ń ránṣọ ní Ring Road, òun ló rán aṣọ tó wà lọ́rùn Sẹ̀gilọlá gan-an. Ó ní òun fẹ́ mọ nǹkan kan.

"Èmi ò mọ ti South Africa, mà. Ti ilé mi ni mo bá wá. Wándé ọkọ mi ń wa lọ́rí ní Challenge. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, orí ìjókòó ló ń sùn, á máa mí bí ẹni tó sáré. Wọ́n sọ fún wa ní ilé ìwòsàn kan pé ọkàn rẹ̀ ti wú. Láti ọjọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò jẹ́ n simi. Wọ́n ní kí ló ń mú ọkàn ọkùnrin wú bí kò ṣe ẹ̀dùn ọkàn? Wọ́n ní èmi ni mo bà á lọ́kàn jẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe fún un." Ó gbé ìborùn rẹ̀ kúrò ní èjìká, ó tún gbé e padà. "Mo ti ro ó títí, mi ò rí nǹkan tí mo ṣe. Ohun tí mo fẹ́ bi dókítà ni pé, ọkàn tí obìnrin lè bà jẹ́, àti ọkàn tó ń wú yìí, ṣé ọ̀kan náà ni?"

Pa Adégbìtẹ́ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀. Wọn kò túmọ̀ ohunkóhun.

Dókítà Ògúnsànyà fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sí àpò. Nígbà tó la ẹnu, Yorùbá ló jáde, Yorùbá Ìjẹ̀bú, tó ti dáṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, tó ń kọsẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

"Rárá, mà," ó ní. "Kì í ṣe ọ̀kan náà. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣófo. Ó wo igi ìrókò. Ó súnmọ́ ọn, ó béèrè bóyá òun lè rí ẹfun tàbí èédú. Àjàgbé fò dìde, ó ní, "Ẹ fẹ́ kọ nǹkan sára iṣẹ́ mi?" Ṣùgbọ́n ó wo Láwùmí lẹ́ẹ̀kan, ó tọwọ́ bọ àpò, ó mú èédú fún un.

"Ihò méje ti pọ̀ jù," Dókítà ní.

Àjàgbé bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi dí ọ̀kan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dí méjì. Ó wá dúró báyìí, ó gbá igi mọ́ra, ojú tó ń sunkún ń yọ lábẹ́ apá rẹ̀. Dókítà fi èédú fa ilà: ibí ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé, ibí ló ń gbà jáde, ilẹ̀kùn kékeré wà níbí tó ń ṣí tó sì ń tì. Àìsàn, bóyá èyí tó ti ṣe Wándé láti kékeré, lè mú kí ilẹ̀kùn náà má tì dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á máa padà sẹ́yìn. Ọkàn á máa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, á máa wú bí apá ẹni tó ń la igi. Omi á wá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Níbi tí Yorùbá bá ti já mọ́ Dókítà lẹ́nu, Sẹ̀gilọlá á fún un ní ọ̀rọ̀ kan, kò sì pé ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó lò. Láwùmí ní ṣé wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ fún un bíi ti ará South Africa? Dókítà ní rárá, kò sí ohun èlò rẹ̀ níbí, òun kò sì ní í purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n oògùn wà tó lè fa omi náà, tó sì lè ran ọkàn lọ́wọ́. Ìyá Aládùúrà tó rí ajá ní kí wọ́n tún fi ibi tí ilẹ̀kùn náà wà han òun. Lọ́yà béèrè ìbéèrè gidi. Ohun tí Sẹ̀gilọlá rò lọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá, òun náà ló ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀ yìí.

Agogo dún. Pa Adégbìtẹ́ ló lù ú.

"Àkókò ti lọ," ni wọ́n wí, inú wọn sì dùn. "Ó kan ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Mo fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a kọ́kọ́..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó!"

Ẹnu Sẹ̀gilọlá ló ti jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wo ẹ̀yìn kó lè rí ẹni tó sọ ọ́. Láti ọdún tí wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn náà, kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún Pa Adégbìtẹ́ rí. Bàbá wò ó. Wọ́n wo àwọn èrò. Wọ́n jókòó, tàwọn ti agbádá ọ̀dà wọn, Dókítà sì ń bá àlàyé rẹ̀ lọ títí ìmọ́lẹ̀ fi kúrò lójú fèrèsé.

Ìyà ọ̀rọ̀ yẹn kò fo Sẹ̀gilọlá. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, òun àti Olúgbádé lọ kúnlẹ̀ dọ̀bálẹ̀ nílé Pa Adégbìtẹ́. Bàbá dárí jì í. Wọ́n fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà dárí jì í, wọ́n sì ní bí wọ́n bá tún máa ṣe irú rẹ̀, àwọn ti gbà láti ṣe alága. Sẹ̀gilọlá ní ẹ ṣeun, sà. Olúgbádé kò gbójú sókè, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

Wándé lọ bá Dókítà Ògúnsànyà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Omi ẹsẹ̀ rẹ̀ fà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrọ̀rí mẹ́ta ló máa ń fi gbé orí. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wa lọ́rí mọ́ láéláé, ìyẹn sì dùn ún ju àìsàn náà lọ. Wándé fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó yé dá Láwùmí lẹ́bi. Ìyá náà kò dá a lẹ́bi ní gbangba mọ́. Kò sì bẹ̀ ẹ́.

Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní àga kan ní gáréèjì Challenge, ó ń jókòó síbẹ̀ pe èrò sọ́kọ̀. Lọ́jọ́ kan, ní ìgbà òjò, Sẹ̀gilọlá ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó dé ibẹ̀. Wándé rí i lókèèrè.

"Ìyá Ọlọ́kàn!" ó kígbe. "Ẹ fún Ìyá Ọlọ́kàn láyè níwájú!"

Gbogbo gáréèjì gbà á: Ìyá Ọlọ́kàn, ẹ máa bọ̀, Ìyá Ọlọ́kàn, ẹ jẹ́ n bá yín gbé báàgì. Obìnrin tó kàwé gboyè. Sẹ̀gilọlá wọkọ̀, ó tẹ gèlè rẹ̀ mọ́rí, ó sì ń wo iwájú gan-an.

Obìnrin tó jókòó tì í fi ìgúnpá kàn án. "Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń pààrọ̀ ọkàn? Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ti ọkọ mi. Ó le bí òkúta."

"Tíṣà ni mí, mà," Sẹ̀gilọlá ní. "Mi ò pààrọ̀ ọkàn ẹnì kankan rí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun mọ̀, gbogbo àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.